Eré àsápajúdé ní òpópó wa ní Kábà: kí ni kí a ṣe, báwo ni a sì ṣe lè rí ààyè fún àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́?

Ará-Òpópó

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Òpópó tí à ń gbé ní Kábà jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòtò inú rẹ̀ ló sì ń bá wa kìlọ̀ fún awakọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ di títì ọlọ́dà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yẹra fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ iwájú ọjà ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, eré tí wọ́n sì ń sá kì í ṣe eré tí ènìyàn ń sá níwájú ilé onílé. Ní oṣù tó kọjá, alùpùpù kan gbá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra omi ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣẹ́. A dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti dá owó sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n fẹ́ mọ bọ́ǹpù mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Àwa kan sọ pé kí a má fi mọ sí bọ́ǹpù nìkan, nítorí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí owó ọ̀kadà ti wọ́n, kò sì sí ibi tí wọ́n máa gbà tí ọkọ̀ kò ní tì wọ́n sí gọ́tà. Nígbà tí mo sọ “ọ̀nà kẹ̀kẹ́” ní ìpàdé, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n rò pé mò ń sọ, ni ẹ̀rín bá sọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ní lọ́kàn, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń ru iṣu bọ̀ láti oko.

Mo fi téèpù wọn ọ̀nà náà: mítà 7.3 ni láti etí gọ́tà kan dé èkejì, gígùn rẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀ta mítà. Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ọ̀gá-Títì

Ẹ kú àmójúbà o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà jinná. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀dọ́ yẹn kí wọ́n má tíì po sìmẹ́ǹtì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ eré tí wọ́n ń sá gan-an. Ẹ wọn 50 mítà níbi tí ọ̀nà ti tọ́, kí ẹ sì fi ẹfun fa ìlà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó sábẹ́ igi níbi tí awakọ̀ kò ti ní fura sí i, kí ó fi aago fóònù ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi gba ìlà kan dé èkejì. Ẹ fi iye náà pín 180, ohun tó bá jáde ni eré ọkọ̀ náà ní kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kọjá ń sá 30. Ẹni tó fi mẹ́ta kọjá ń sá 60. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa fi 50 ṣe òpin eré ọkọ̀ kékeré láàárín ìlú, ó sì fi 45 ṣe ti tírélà. Ẹ ṣe kíkà yìí ní àkókò tí àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé, ní ìrọ̀lẹ́, àti ní ọjọ́ ọjà, kí ẹ sì máa kọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ sílẹ̀.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí ojú mi rí. Ní ibì kan tí a ti ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló búra pé àwọn onímọ́tò ló ń sáré. Nígbà tí a kà á, alùpùpù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sáré náà, bọ́ǹpù tí wọ́n sì ti mọ kí a tó dé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, etí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, níbi tí àwọn ọmọdé ń rìn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹni tó ni ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ òpópó àárín àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀ Kábà-Bùnú ni ẹ máa kọ̀wé sí. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka òpópó, iná ojú pópó àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àfikún kan náà yìí ló fi ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere sí abẹ́ wọn, nítorí náà kò sí kánsẹ́lọ̀ tó lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kò kan òun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà yín bá jẹ́ apá kan nínú títì ìjọba àpapọ̀, irú èyí tó gba Mọ́pà àti Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ.

Nọ́ọ̀sì-Ìjùmú

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tí ọkọ̀ gbá wá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì ní sọ ohun tí mo ń rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìṣirò nìkan.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé ìyàtọ̀ 30 sí 50 kéré. Kò kéré rárá. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọkọ̀ tó ń sá 32 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn tó 12 mítà kí ó tó dúró, láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí nǹkan níwájú. Bí ó bá ń sá 48, ó di 23 mítà. Bí ó bá ń sá 64, ó di 36. Èyí jẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó dára. Ẹ wá fi taya tó ti jẹ tán àti òjò oṣù Kẹsàn-án kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pa ènìyàn á fi ìdá mẹ́rin lé sí i. Ọmọ tó jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dúró ní mítà 15 síwájú ọkọ̀ tó ń sá 32 lè padà sílé. Níwájú ọkọ̀ tó ń sá 48, awakọ̀ náà kò ní lè dúró kí ó tó kàn án.

Nítorí náà 30 ni kí ẹ máa lé, kì í ṣe 50. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín nítorí bọ́ǹpù. Aláboyún tó ń rọbí àti ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ ń gba orí bọ́ǹpù yín kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà mìíràn. Bọ́ǹpù tó ga tó ojúgun ènìyàn, tí kò sì fẹ̀ ju pákó kan lọ, ìyà ni fún wọn.

Ọlọ́kadà-Ìyàrá

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ ti ń bú wa láti òkè, n kò bínú, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiwa náà. Bọ́ǹpù tí àwọn ọmọ àdúgbò mọ lóru ọjọ́ kan láìkùn ún ní pẹ́ńtì ló gbé èmi àti obìnrin kan tí mo gbé sẹ́yìn lulẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nínú ọyẹ́, nígbà tí ènìyàn kò lè rí mítà mẹ́wàá síwájú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé taya wá síwájú rẹ̀ láti fi ṣe àmì.

Bí ẹ bá máa mọ ọ́n, ẹ kùn ún ní funfun, kí ẹ sì fi àmì síwájú rẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Ní ti ọ̀nà kẹ̀kẹ́, n kò ní parọ́ fún yín: bí tírélà bá ń tì mí lẹ́yìn, ọ̀nà yẹn ni màá sá sí.

Ọmọ-Ìsánlú-Lókè-Òkun

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Orílẹ̀-èdè Netherlands ni mo wà, ọ̀rọ̀ yìí sì ni wọ́n ń jẹ ní oúnjẹ níbí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ ń pa ọmọdé níbí débi pé àwọn òbí tú sí ìgboro láti fẹ̀hónú hàn. Ní ìlú Delft, àwọn ará òpópó kan ti kó igi òdòdó àti ìjókòó sí ojú ọ̀nà wọn ní òpin ọdún 1960 sí 1969, kí awakọ̀ lè máa rìn bí ẹni tó wọ àgbàlá ẹlòmíràn. Ní 1976, ìjọba sọ ọ́ di òfin. Nígbà tó di 1992, ìlú Graz ní Ọ́síríà fi 30 ṣe òpin eré ní gbogbo òpópó àdúgbò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú sì ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbí ni pé ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ju àmì ẹ̀bá ọ̀nà lọ. Ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 7.3, tó tọ́ bí ọfà, tí kò ní nǹkan kan lára, ńṣe ló ń sọ fún un pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà erùpẹ̀ yín àtijọ́ kò fẹ̀, ó sì rí págunpàgun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra. Nítorí náà, Ará-Òpópó, ọ̀ràn méjì tí ẹ gbé wá, ọ̀kan ṣoṣo ni: ààyè tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ni yóò mú kí ọkọ̀ rọra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí mítà 1.5 láti etí gọ́tà ní ọ̀tún àti ní òsì. Mítà 4.3 ló kù láàárín. Ọkọ̀ kékeré fẹ̀ tó mítà 1.8, nítorí náà méjì lè pàdé, àlàfo tó sì máa wà láàárín wọn kò ní tó mítà kan. Kò sí ẹni tó ń sá 60 nínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ akérù tó fẹ̀ tó mítà 2.5 bá pàdé ọkọ̀ kékeré, ara wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ní láti dúró tàbí kí ó bọ́ sí orí ìlà kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a gé ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, kì í ṣe èyí tó gùn láìdáwọ́ dúró: ọkọ̀ lè bọ́ sí i bí kò bá sí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló ni ín. Ọ̀pọ̀ òpópó bẹ́ẹ̀ ló wà ní abúlé níbí, kò sì ná wọn ju pẹ́ńtì lọ.

Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá sọ pé kí ẹ kó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ méjèèjì sí apá kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ti inú àgbàlá jáde, ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ló máa ń wò. Kò ní rí ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti apá kejì.

Ará-Òpópó

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé bí a bá sọ òpópó náà di alọ-má-bọ̀, kò ní dára jù? Kí ni a máa ṣe sí ọkọ̀ akérù tó ń wá kó kajú ní àsìkò rẹ̀, tó ń dúró sí etí ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́? Àwọn ọ̀dọ́ sì ní owó sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, bí a bá ní kí wọ́n má ṣe nǹkan kan, ìjà ni.

Ọ̀gá-Títì

Alọ-má-bọ̀ yóò tún mú kí wọ́n sáré sí i. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ kan kò ní bọ̀ wá pàdé òun, kí ló fẹ́ mú un rọra?

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ gegele, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ èyí tó dára. Gegele tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973 gùn tó mítà 3.7 láti iwájú dé ẹ̀yìn, gíga rẹ̀ sì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá. Orí rẹ̀ rọra yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ẹni tó bá rọra kọjá kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹni tó bá sáré ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn bọ́ǹpù tí à ń mọ káàkiri ìlú wa kò gùn tó ìdajì mítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń já sàlẹ́ńsà ọkọ̀ ẹni tó ń rọra, tí jíìpù tó ń sáré sì ń fò wọ́n kọjá. Nọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan tún wà fún ọkọ̀ aláìsàn: wọ́n lè mọ ọ́n ní kékeré bí ìrọ̀rí sí àárín ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó fẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nígbà tí ọkọ̀ kékeré yóò fi ẹsẹ̀ kan gùn ún.

Kí gegele náà má ṣe dé etí gọ́tà. Ẹ fi ààyè kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ri òpó kékeré kan mọ́ ẹnu ààyè náà kí alùpùpù má baà sọ ọ́ di ọ̀nà àbùjá. Omi náà nílò àyè yẹn. Bọ́ǹpù tó bá dí ojú omi, ní ọdún méjì péré, ọ̀dà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ti di ihò. Ẹ má sì fi wọ́n jìnnà sí ara wọn; tí àlàfo wọn bá ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, awakọ̀ yóò tún ki eré mọ́lẹ̀ láàárín wọn. Ẹgbẹ̀ta mítà tí ẹ ní, bọ́ǹpù mẹ́ta kò lè kájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi náà fi fara mọ́ ohun tí ọmọ Ìsánlú sọ, pé ìlà ni kí ó ṣáájú, kí gegele sì wà ní iwájú ilé-ìwé àti ní ibi tí wọ́n ti gbá ọmọ yẹn.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi taya àlòkù dán an wò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn vọ́kanáísà, wọn yóò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rọ erùpẹ̀ sínú wọn, ẹ kùn wọ́n ní funfun, ẹ tò wọ́n sí ibi tí ìlà kẹ̀kẹ́ yóò wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì tún ka eré ọkọ̀. Bí ó bá di wàhálà, taya ṣeé gbé kúrò. Sìmẹ́ǹtì kò ṣeé gbé.

Ìyá-Ẹlẹ́pà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Gbogbo ìlà tí ẹ ń sọ yìí, àwa tí à ń tajà ní etí ọ̀nà kọ́ ni yóò jókòó sí? Níwájú ilé mi, àtẹ mi ti wà lórí mítà 1.5 yín. Aláàsè wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe taya wà níbẹ̀, ní ọjọ́ ìsìnkú ẹ̀wẹ̀, kànópì á bo gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fa ìlà láìbá wa sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ kẹta, ilé ìtajà ni yóò dà.

Orí gọ́tà ni kí ẹ bá wa dé ní kọnkéré, kí a lè sún àtẹ sẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn, èmi fúnra mi ni yóò máa lé ọlọ́kadà kúrò lórí ìlà yín.

Ọmọ-Ìsánlú-Lókè-Òkun

Ìyá wa ti sọ òótọ́ tí kò sí nínú ìwé kankan. Ọ̀tá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ayé ni ọkọ̀ àti ọjà tó ń dúró lórí rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń sáré. Ní ti akérù kajú, ẹ yan ibì kan ní ìparí òpópó, kí olóko àti àwọn tó ń rà á fohùn ṣọ̀kan pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa dúró.

Fijilánté-Àdúgbò

Ọ̀kun gbogbo ilé. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó rántí géètì. Òpópó yín kò ha ní géètì tí àwọn ọlọ́dẹ ń tì lóru nítorí olè? Ẹni tí òpópó yín jẹ́ àbùjá fún, kì í ṣe ará ibẹ̀. Bí ẹ bá ti géètì apá kan ní agogo méje sí mẹ́jọ àárọ̀ àti ní agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán, tí ẹ sì fi ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, àbùjá ti tán. Ará òpópó yóò máa gba apá kejì wọlé. Ọlọ́dẹ kan ni kí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nítorí ọkọ̀ aláìsàn àti iná. Nígbà tí a ṣe é ní tiwa, ariwo pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n kàn ń gba ọ̀nà mìíràn.

Nọ́ọ̀sì-Ìjùmú

Mo fara mọ́ ọn, bí nọ́ńbà fóònù ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ bá wà lára géètì gbàǹgbà. Kì í ṣe kí a máa wá a kiri ní àgọ́ ẹmu.

Ará-Òpópó

Mo padà dé. A ka ọkọ̀ ní ọjọ́ ọjà, mo sì gbà fún Ọ̀gá: alùpùpù ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn ló sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin gba 50 mítà kọjá. Nígbà tí mo ka èsì náà sí etí àwọn ọ̀dọ́, méjì nínú wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwọn gan-an ló gun alùpùpù tó yára jù nínú ìwé wa.

Wọ́n ti gbà láti sún ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù síwájú. Taya ogójì ti wà nílẹ̀. Lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ ti jáde, a fi àwòrán àti èsì kíkà wa kún un, a sì bẹ̀ wọ́n fún ìdérí gọ́tà tí Ìyá sọ. Ní ti géètì, àwọn àgbà ní kí a dán ti àárọ̀ nìkan wò. Irú pẹ́ńtì wo ni kí a rà fún ìlà náà?

Ọ̀gá-Títì

Ẹ má ra pẹ́ńtì ògiri, òjò méjì yóò fọ̀ ọ́ lọ, èyí tó ń dán sì máa ń yọ̀ lábẹ́ taya kẹ̀kẹ́. Pẹ́ńtì ojú títì ni kí ẹ béèrè, kí wọ́n sì fọ́n ìyẹ̀fun dígí tó ń tàn lálẹ́ sórí rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ẹ dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ dáadáa, kí ẹ sì gbá iyanrìn kúrò kí ẹ tó kùn ún.

Mo tún fẹ́ béèrè: ṣé kọ́fátì kankan, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, wà ní òpópó náà? Bí ó bá wà, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ó sábà máa ń dín ju ọ̀nà lọ, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ yóò ti pàdé. Ẹ má to taya kankan sí orí rẹ̀ títí ẹ ó fi fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.